Ẹ̀rọ Tó Kú Kì Í Sọ̀rọ̀: Bí Ẹ Ṣe Lè Yanjú Wàhálà Fáìlì Lórí Ẹ̀rọ Ìgbọ́wèé Àwọn Aláìríran

Àbúrò kan tí òun náà kò ríran bíi tèmi pè mí lálẹ́ ọjọ́ kan. Kò tilẹ̀ kí mi tán.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí o. Ẹ̀rọ mi ti kú."

"Kí ló ṣe é?"

"Mo tàn án, ó ní òun kò rí ìwé kankan. Ìwé tí mo sì fi odindi ọjọ́ kan kó sí i ńkọ́?"

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Ẹ̀rọ tó kú kì í sọ̀rọ̀. Èyí tó bá lè lanu sọ pé òun kò rí ìwé, ara rẹ̀ le koko. Ohun tí wọ́n kó sí i níkùn ni kò yé e. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá bá mi nípa ẹ̀rọ wọ̀nyí, bí kò bá jẹ́ ti káàdì tí wọ́n ń kó ìwé sí, ti fáìlì ni, bí kò bá sì jẹ́ ti fáìlì, á jẹ́ ti ibi tí wọ́n gbé fáìlì sí. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ká mọ èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ̀rọ tí mò ń sọ ni èyí tó kéré tó wọ àpò, tó ní bọ́tìnnì nọ́ńbà bíi ti fóònù àtijọ́, tó sì ń fi ohùn sọ gbogbo ohun tó bá ń ṣe. Victor Reader Stream, tí HumanWare ti Kánádà kọ́kọ́ gbé jáde ní 2007, ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. PLEXTALK Pocket ti Shinano Kenshi ní Japan náà wà, àwọn mìíràn sì tún wà. Bọ́tìnnì wọn lè yàtọ̀, àìsàn wọn jọra. Tó bá di ti kọ̀ǹpútà, bí ẹni tó ń lo Windows pẹ̀lú NVDA tàbí JAWS, àwọn ètò tó ń fi ohùn ka ojú kọ̀ǹpútà fún aláìríran, ni màá ṣe máa sọ ọ́, torí ohun tí ọwọ́ mi mọ̀ nìyẹn. Kíbọ́ọ̀dù nìkan la máa lò.

ẸNU Ẹ̀RỌ NI KÍ Ẹ TI GBỌ́ Ọ

Ẹ pa ẹ̀rọ náà, ẹ tún un tàn, kí ẹ sì fara balẹ̀ gbọ́ gbólóhùn tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀. Ohùn yẹn ti mọ́ wa létí débi pé a kì í gbọ́ ọ mọ́. Kó tó sọ ọ̀rọ̀ méjì, a ti tẹ bọ́tìnnì mìíràn gé e lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

Bó bá ní òun kò rí káàdì, àárín káàdì àti ihò tí ẹ tì í bọ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá rí káàdì àmọ́ tó ní kò sí ìwé, ó ṣeé ṣe kí ìwé wà níbẹ̀ lóòótọ́, kó jẹ́ pé fódà tí kì í wò ni ẹ kó wọn sí. Bó bá dárúkọ ìwé, tí ẹ ní kó kà á, tó wá dákẹ́ tàbí tó fò lọ sórí òmíràn, fáìlì yẹn gan-an ni kí ẹ fura sí. Bí kò bá gbà kí ẹ pa ìwé rẹ́, tí kò sì gbà kí ẹ gba ohùn sílẹ̀ sórí káàdì, wọ́n ti ti káàdì náà pa ni. Bó bá ń kà dáadáa àmọ́ tó ń ti orí kìíní bọ́ sí orí kẹwàá, orúkọ fáìlì ló ń dà á láàmú.

Èyí tó máa ń rú èèyàn lójú ni kó máa kà á lọ, kó kàn dákẹ́ lójijì. Ẹ dá a padà díẹ̀ kí ẹ tún un gbọ́. Bó bá jẹ́ ojú kan náà ló ń dákẹ́ sí nígbà gbogbo, lórí ọ̀rọ̀ kan náà, fáìlì náà ti bàjẹ́ níbẹ̀. Bó bá dákẹ́ síbí lónìí, tó dákẹ́ sọ́hùn-ún lọ́la, ẹ fi fáìlì sílẹ̀, kí ẹ wo bátìrì àti káàdì. Ìdánwò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ iṣẹ́ àṣedànù lọ́pọ̀ ìgbà.

KÍ Ẹ TÓ TAN KỌ̀ǸPÚTÀ

Ẹ fi iná sí ẹ̀rọ náà kí bátìrì kún. Bátìrì tó ti fẹ́ tán máa ń mú kí ẹ̀rọ ṣe bíi wèrè, kó máa ka káàdì lápá kan, kó má ka apá kejì.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa á, kí ẹ yọ káàdì. Ẹ fi ọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Igun kan wà lára káàdì SD tí wọ́n gé dànù. Ẹ mú un kí igun yẹn wà lókè lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá mú un bẹ́ẹ̀, ojú tó ń dán gbọọrọ tí wọ́n lẹ bébà mọ́ máa kọjú sí yín, àwọn irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín ìlà kéékèèké á sì wà lẹ́yìn lókè. Ní etí òsì, ìka yín á kan nǹkan kékeré kan tó ń yọ̀ lọ sókè sódò. Òun ni kọ́kọ́rọ́ káàdì. Bó bá wà lókè, káàdì ṣí sílẹ̀. Bó bá wà nísàlẹ̀, wọ́n ti tì í, ẹ̀rọ kò sì ní lè kọ ohunkóhun sí i lára. Káàdì tó sábà ń wọlé jáde máa ń ti ara rẹ̀ báyìí, torí etí ihò ló ń fa kọ́kọ́rọ́ yẹn wálẹ̀. Bó bá ti já bọ́ pátápátá, tó jẹ́ ihò lásán ni ìka yín ń kàn, ẹ̀rọ máa ka káàdì yẹn sí èyí tí wọ́n tì. Ẹ fi téèpù tín-ín-rín bo ojú ihò yẹn, á ṣí. Káàdì kékeré tí wọ́n ń ti bọ inú káàdì ńlá náà ní kọ́kọ́rọ́ yìí, lára èyí tó tóbi ni kí ẹ ti wá a.

Ẹ fi aṣọ gbígbẹ tó mọ́ nu àwọn irin náà. Ẹ má tu itọ́ sí i, ẹ má sì fi omi nù ún. Ẹ tì í padà títí ẹ ó fi gbọ́ "kọ́" kékeré kan, tàbí títí ìka yín ó fi mọ̀ pé ó ti jókòó. Káàdì tó kù díẹ̀ kó wọlé tán kò yàtọ̀ sí èyí tí kò sí níbẹ̀.

FÁÌLÌ ẸLẸ́RÌÍ

Mo ní fáìlì mp3 kan tí kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ohùn tèmi ni, mo ń ka nọ́ńbà láti 1 dé 30. Mo ti dán an wò lórí gbogbo ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ mi, kò sí èyí tó kọ̀ ọ́. Mo fi í pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà, mo tún fi í sórí káàdì kékeré kan tí mi ò lò fún nǹkan mìíràn. Ẹlẹ́rìí ni mo ń pè é, torí ẹ̀rí tó bá jẹ́ kì í yí padà.

Ẹ wá nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ara yín. Bí ẹjọ́ bá dé, ẹ ti káàdì ẹlẹ́rìí bọ ẹ̀rọ. Bí kò bá ka òun náà, ẹ̀rọ ni kí ẹ mú. Bó bá kà á, ẹ̀rọ bọ́ nínú ẹjọ́. Ẹ wá ṣe ẹ̀dà fáìlì ẹlẹ́rìí sórí káàdì tó ń ṣe wàhálà. Bó bá kà á níbẹ̀ náà, káàdì bọ́, ó ku ìwé tí ẹ fẹ́ gbọ́ nìkan. Bí kò bá kà á, káàdì ló jẹ̀bi. Èèyàn lè fi odindi ọ̀sẹ̀ kan dáńlóòdù ìwé kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kó tó wá mọ̀ pé káàdì ló ń purọ́ fún òun.

Ẹ KÓ ẸRÙ JÁDE KÍ Ẹ TÓ TÚN ILÉ ṢE

Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ṣe fún káàdì, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ tẹ Windows àti E papọ̀, ẹ wá káàdì náà láàárín àwọn dráìfù, ẹ tẹ Enter, Control àti A, lẹ́yìn náà Control àti C. Ẹ lọ ṣe fódà tuntun níbòmíràn, kí ẹ fi Control àti V lẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ké pé òun kò lè ka fáìlì kan, ẹ ní kó fo ìyẹn, kó máa bá a lọ. Ẹ kọ orúkọ fáìlì náà sílẹ̀, torí ẹni tí à ń wá lè jẹ́ òun.

Mi ò ní purọ́, èmi náà ti fi ìkánjú fọ́máàtì káàdì rí, ìyẹn ni pé mo pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ láti tún un tò. Ohùn tí mo gbà sílẹ̀ níbi ìpàdé ìdílé wa wà lórí rẹ̀, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà bíi PhotoRec wà tó ń hú fáìlì tó ti nù jáde, tí ẹ kò bá tíì kọ nǹkan tuntun lé e lórí. Ó bá mi hú púpọ̀ jáde, àmọ́ gbogbo orúkọ wọn ló ti di nọ́ńbà játijàti, ó sì di dandan kí n máa tẹ́tí sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó mọ èwo ni èwo.

KÁÀDÌ ÀTI WÁYÀ

Bí ẹ bá fi wáyà USB so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà tí kọ̀ǹpútà kò dún rárá, ẹ pààrọ̀ wáyà kí ẹ tó bínú. Àwọn wáyà kan wà tí iná nìkan ló ń gba inú wọn kọjá, fáìlì kò lè gba ibẹ̀. Bátìrì á máa kún, kọ̀ǹpútà kò sì ní mọ̀ pé àlejò dé. Èmi máa ń so okùn róbà mọ́ èyí tó ń gbé fáìlì kí ọwọ́ mi lè dá a mọ̀.

Tí káàdì bá ti fara hàn, ẹ dúró lórí rẹ̀, ẹ tẹ Alt àti Enter, kí ẹ sì wá ibi tí wọ́n kọ File system sí. Bí wọ́n ṣe to inú káàdì nìyẹn. FAT32 ni gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí mọ̀. Káàdì tó ju 32 GB lọ sábà máa ń ti ọjà wá pẹ̀lú exFAT, ẹ̀rọ tó ti pẹ́ kò sì ní rí ohunkóhun lórí rẹ̀, bí ẹni pé òfìfo ni. NTFS, tí àwọn kan máa ń ṣèèṣì yàn nígbà tí wọ́n bá ń fọ́máàtì, tún burú jùyẹn lọ. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé FAT32 kì í gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB. Bí kọ̀ǹpútà bá kọ̀ láti ṣe ẹ̀dà fáìlì ńlá kan nígbà tí àyè ṣì wà, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Bí ẹ bá ti kó ẹrù jáde tán tí ẹ fẹ́ fọ́máàtì, ẹ dúró lórí káàdì, ẹ tẹ Shift àti F10, kí ẹ yan Format. Níbi File system, ẹ yan FAT32, kí ẹ wá tẹ Start. Kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ẹ tún tẹ́tí gbọ́ lẹ́tà dráìfù náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹni tí kò ríran kò ní àwòrán tó máa kìlọ̀ fún un pé ibi tó dúró sí kọ́ ló rò pé òun wà. Bí káàdì bá ju 32 GB lọ, ó ṣeé ṣe kí Windows má fún yín ní FAT32 rárá níbẹ̀. Èmi ò tilẹ̀ ń bá a jà: 32 GB gba ìwé ju èyí tí mo lè gbọ́ tán lọ́dún kan.

Nígbà mìíràn, kò pọn dandan kí ẹ fọ́máàtì. Bí káàdì bá kàn ń ṣe ségesège, ẹ tẹ Windows, ẹ kọ cmd, ìyẹn fèrèsé tí wọ́n ń kọ àṣẹ sí, ẹ tẹ Control, Shift àti Enter papọ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i pé ẹ gbà. Bí lẹ́tà káàdì bá jẹ́ E, ẹ kọ chkdsk E: /f, ẹ sì tẹ Enter. Á yẹ gbogbo inú káàdì wò, á tún ohun tó bá lè tún ṣe. Bí ẹ bá wá rí fódà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ FOUND.000 lẹ́yìn ìyẹn, àjákù fáìlì ni kọ̀ǹpútà ṣà jọ síbẹ̀. Ìwé tí wọ́n já kúrò lára rẹ̀, ẹ tún un kó sí i láti ibi tí ẹ ti rí i.

Káàdì ayédèrú ló máa ń gbọ́n jù. Wọ́n á kọ 64 GB sí i lára, kọ̀ǹpútà náà á gbà pé 64 ni, àmọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè má ju 8 lọ. Ìwé tí ẹ kọ́kọ́ kó sí i á ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá ti kọjá ibi tí agbára rẹ̀ mọ, gbogbo ohun tí ẹ bá ń kó sí i ń lọ sí ọ̀run ni, orúkọ á wà, ohùn kò ní sí. Bí ẹ bá ti ń rí i pé àwọn ìwé àtijọ́ ń ka, tí àwọn tuntun kì í ka, ẹ fi H2testw dán káàdì náà wò. Ètò kékeré ọ̀fẹ́ ni, á kọ fáìlì kún káàdì, á sì kà á padà. Orí káàdì tó ṣófo ni kí ẹ ti lò ó. Bó bá ti jẹ́ ayédèrú, kò sí oògùn rẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù.

ILÉ TÓ YẸ KÍ ÌWÉ GBÉ

Níbi Victor Reader Stream, bí ẹ bá ti káàdì tó ṣí sílẹ̀ bọ̀ ọ́, òun fúnra rẹ̀ máa ń dá àwọn fódà kan tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì dọ́là: $VRDTB fún ìwé DAISY (ìwé olóhùn tí èèyàn lè ṣí ní orí àti ojú ìwé), $VROtherBooks fún ìwé olóhùn mìíràn, $VRMusic fún orin, $VRPodcasts fún pọ́díkáàsì, $VRText fún ìwé kíkọ. Ohun tó bá wà níta àwọn fódà yìí, kò ní yà síbẹ̀. Ẹ lè kó ọgọ́rùn-ún ìwé sórí káàdì, bí wọ́n bá dúró síta lẹ́nu ọ̀nà, yóò sọ fún yín tọkàntọkàn pé òun kò rí ìwé kankan. Ẹ má ṣe yí orúkọ àwọn fódà yìí padà, ẹ má sì yọ àmì dọ́là.

Nínú $VROtherBooks, ẹ fún ìwé kọ̀ọ̀kan ní fódà tirẹ̀. Bí ẹ bá da fáìlì ogún tó jẹ́ ti ìwé kan ṣoṣo síbẹ̀ láìsí fódà, ìwé ogún ni ẹ̀rọ máa kà wọ́n sí, ẹ ó sì máa ti ìwé kan bọ́ sí òmíràn lẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sọ́dọ̀ àbúrò mi. Mo ní kó ṣí fódà DAISY rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kó ka ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi. Ó tẹ ọfà ìsàlẹ̀, mo ń gbọ́ NVDA rẹ̀ láti ẹ̀yìn fóònù: "01 mp3. 02 mp3. 03 mp3." Ó dákẹ́.

"Àwọn yòókù ńkọ́?"

"Èwo ni àwọn yòókù? Àwọn pàǹtírí kan wà níbẹ̀ tí kò lóhùn, smil, html, mo ti pa gbogbo wọn rẹ́ kí àyè lè wà."

Pàǹtírí yẹn gan-an ni ìwé náà. Láti 1996 tí wọ́n ti dá DAISY Consortium sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń lé ni kí afọ́jú lè ṣí ìwé olóhùn bí aríran ṣe ń ṣí bébà, kó lọ tààrà sí orí kẹrin tàbí ojú ìwé 212. Nínú DAISY 2.02, fáìlì tó ń jẹ́ ncc.html ni ó mọ orí àti ojú ìwé, àwọn fáìlì smil ni ó mọ ìṣẹ́jú àáyá tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀. Nínú DAISY 3, opf, ncx àti xml ni ẹ máa rí. Ẹ bá yọ ìwọ̀nyí, ohùn tó kù dà bí ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn ti já nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ wo inú $VRDTB, kò rí ncc.html, ó ní kò sí ìwé. Òótọ́ ló sọ. A dáńlóòdù ìwé náà padà, a kó fódà rẹ̀ sí i lódindi láìfọwọ́ kan ohunkóhun, ó sì kà.

Àṣìṣe kan wà tó fara jọ èyí. Bí ẹ bá tú fáìlì zip, Windows sábà máa ń dá fódà kan tó ní orúkọ ìwé, nínú rẹ̀ ni fódà mìíràn tó tún ní orúkọ kan náà á wà, ibẹ̀ sì ni ìwé wà gan-an. Bí fódà bá ti wà nínú fódà báyìí, àwọn ẹ̀rọ kan kì í wọlé jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ẹ máa tẹ Enter wọlé títí ẹ ó fi gbọ́ ncc.html tàbí opf. Fódà tó gbé wọn mọ́ra tààrà ni kí ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀.

FÁÌLÌ FÚNRA RẸ̀

Ìrù orúkọ fáìlì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ìyẹn lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀ lé àmì ìdánudúró. Windows máa ń fi ìrù yìí pamọ́, nítorí náà Alt àti Enter lórí fáìlì náà ni kí ẹ fi wá a, níbi Type of file. Ohun tí ẹ rò pé mp3 ni lè jẹ́ mp3.zip tí ẹ kò tíì tú, tàbí crdownload, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ṣì ń bọ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ gbé e. Ẹ má rò pé bí ẹ bá yí ìrù padà, fáìlì á yí padà. Ẹni tó bá kọ mp3 sí ìdí fáìlì mìíràn kàn fún ewúrẹ́ lórúkọ àgùntàn ni.

Ojú kan náà ni ẹ ti máa rí bí fáìlì ṣe tóbi tó, ẹ ṣírò rẹ̀. Mp3 ọlọ́rọ̀ lásán tó wà ní 64 kbps (ìwọ̀n tí wọ́n fi fún ohùn pọ̀) ń gba nǹkan bíi 29 MB fún wákàtí kan. Èyí tó wà ní 128 ń gba nǹkan bíi 58. Bí wọ́n bá ní wákàtí kan ni orí kan, tí ẹ wá rí 4 MB ní 64 kbps, ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré ló dé ọwọ́ yín, ìyókù já sọ́nà. Fáìlì tó jẹ́ 0 kò ní nǹkan kan nínú. Kò sí àtúnṣe tí ẹ lè ṣe fún méjèèjì ju pé kí ẹ tún dáńlóòdù wọn lọ.

Fáìlì tí wọ́n dáàbò bò yàtọ̀. Ìwé tí ẹ rà ní àwọn ilé ìtàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ẹ yá ní ilé ìkàwé àwọn afọ́jú, lè ní kọ́kọ́rọ́ nínú. Kọ̀ǹpútà tàbí fóònù yín á ṣí i nítorí pé ẹ ti fi orúkọ wọlé síbẹ̀, ẹ̀rọ á sì kọ̀ ọ́ nítorí pé kò sẹ́ni tó fún un ní kọ́kọ́rọ́. Bí gbogbo ìwé láti ibì kan bá ń kọ̀, tí ti ibòmíràn ń kà, ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn tó fún yín ní ìwé náà pé kí wọ́n forúkọ ẹ̀rọ yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Ní ti ìwé kíkọ, PDF ló máa ń yọ wá lẹ́nu jù. Bó bá jẹ́ àwòrán bébà ni wọ́n yà sínú rẹ̀, kò sí lẹ́tà kankan níbẹ̀ tí ẹ̀rọ máa kà. Ẹ gbé e gba inú ètò tó ń sọ àwòrán di lẹ́tà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ bíi txt. Bí txt bá wá ń ka ìsọkúsọ níbi tó yẹ kó ka lẹ́tà alámì, ẹ ṣí i nínú Notepad, ẹ yan Save As, kí ẹ yí Encoding sí UTF-8. Ìwé Yorùbá ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Ká má parọ́, bó bá tiẹ̀ wà ní UTF-8, ohùn Gẹ̀ẹ́sì inú ẹ̀rọ á ṣì máa fọ́ Yorùbá wa léegun, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi fáìlì.

Lẹ́tà alámì tún lè dá wàhálà sílẹ̀ nínú orúkọ fáìlì. Kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo fún ẹ́ nínú Unicode, ìyẹn àkójọ lẹ́tà gbogbo èdè tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kọ, kí wọ́n tó wá gbé àmì òkè lé e. Àwọn ẹ̀rọ kan kì í mọ ohun tí wọ́n máa fi àmì tó dá dúró yẹn ṣe. Bí fáìlì kan bá ń kọ̀ láìnídìí, ẹ tẹ F2, ẹ fún un ní orúkọ kúkúrú tí kò lámì, kí ẹ tún un dán wò. Mo fẹ́ràn àmì ohùn bí ojú mi, àmọ́ inú ìwé ni àyè rẹ̀, orí káàdì kọ́.

Bí ó bá jẹ́ Mac ni wọ́n fi kó ìwé sórí káàdì, ẹ lè pàdé àwọn òjìji. Fún fáìlì 01.mp3 kọ̀ọ̀kan, Mac lè fi òmíràn tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì ìdánudúró àti ìlà abẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ._01.mp3. Kò ju 4 KB lọ lọ́pọ̀ ìgbà, kò sì lóhùn. Ẹ̀rọ á dárúkọ rẹ̀, á dákẹ́, á fò lọ. Lórí Windows, nínú cmd, ẹ kọ del /s /a:h E:\._* láti kó wọn dànù. E yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ lẹ́tà káàdì yín gan-an.

Ti ètò orí ìwé tó ń dàrú kò le. Ẹ̀rọ tó ń to orúkọ bí lẹ́tà á fi 10 ṣáájú 2, torí 1 ló rí níwájú. Ẹ kọ 01, 02, tàbí 001 bí orí bá ju 99 lọ. Bí èyí kò bá tán an, ó lè jẹ́ ẹ̀rọ tó ń to wọn bí wọ́n ṣe wọ káàdì. Ẹ pa fódà náà rẹ́ lórí káàdì, kí ẹ tún un kó sí i lẹ́ẹ̀kan náà lẹ́yìn tí ẹ ti tún orúkọ ṣe.

BÍ Ẹ ṢE MÁA YỌ Ọ́

Kọ̀ǹpútà lè sọ pé òun ti parí kí ó tó kọ gbogbo rẹ̀ sórí káàdì tán. Ẹni tó bá já wáyà gbà nígbà náà ló ń ba káàdì rẹ̀ jẹ́. Ẹ dúró lórí dráìfù náà, Shift àti F10, kí ẹ yan Eject. Ẹ dúró kí kọ̀ǹpútà dún kí ẹ tó fà á yọ. Bó bá ní nǹkan kan ṣì ń lò ó, ẹ pa gbogbo fèrèsé tó ṣí, kí ẹ tún un gbìyànjú. Bó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ pa kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kí ẹ tó yọ ọ́.

BÓ BÁ DI TI ALÁTÙNṢE

Bí fáìlì ẹlẹ́rìí bá kọ̀ láti ka lórí káàdì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ ló kàn. Kí ẹ tó pe àwọn tó ṣe é, ẹ ní ohun mẹ́ta lọ́wọ́: gbólóhùn tó ń sọ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, bí káàdì ṣe tóbi tó àti bí wọ́n ṣe tò ó, àti nọ́ńbà ẹ̀yà sọ́fítíwíà inú rẹ̀. Lórí Stream, bọ́tìnnì 0 ló ń ka èyí tó gbẹ̀yìn yẹn. Wọ́n lè ní kí ẹ fi ẹ̀yà tuntun sí i, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìyẹn sì máa ń parí ọ̀rọ̀.

Bí wọ́n bá ní kí ẹ gbé e ránṣẹ́, ẹ yọ káàdì yín kí ẹ tó dì í sínú páálí. Mo gbàgbé tèmi sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ náà padà dé, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n tiẹ̀ nù ún. Mo tàn án, ó ní òun kò rí káàdì.